Dèjì Tó Lọ Ra Búrẹ́dì

Nyékonakpoè, Lomé.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Fúnmiláyọ̀, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí pé òun ń bá ọ jà. Mo ti kọ ọ́. Ó dúró sẹ́yìn mi títí mo fi kọ ọ́ tán kó tó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Ní báyìí tó ti lọ, jẹ́ kí n kí ọ bí bàbá ṣe ń kí ọmọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé yàrá tí o gbà ní Ìbàdàn kò jò mọ́? Ṣé o ń jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́ tuntun yìí, àbí tíì lásán lo ṣì ń mu jáde láàárọ̀ bí o ti ń ṣe nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wa?

Ara wa le. Ọ̀rọ̀ ìlú, mi ò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ìwọ náà ń gbọ́ rédíò, ẹni tó sì máa bá mi mú ìwé yìí kọjá ẹnubodè kò gbọdọ̀ torí mi kó sí wàhálà. Ohun tí mo lè sọ ni pé ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi wà ní títì bíi ti gbogbo ènìyàn, àwọn ọmọ kò lọ sí ilé ìwé, kò sì sí ẹni tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó. Àyè wà fún mi láti kọ lẹ́tà gígùn. Nítorí náà jókòó, kí o fi sùúrù kà á, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa kọ irú rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ àti kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí o fi rán ìyàwó pásítọ̀ dé ọwọ́ wa. O ní ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sọ pé eré yín ti dùn jù, pé kò jọ ayé mọ́, pé kí ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọ ohun tó máa jọ òótọ́. Ìwọ náà wá pa Dèjì. Dèjì olùkọ́, ọmọ jẹ́jẹ́, tó ti ń múra ìdána. O ní kó jáde lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀, ọkọ̀ gbá a, ó parí. Kò ṣàìsàn, kò sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. O ní látìgbà náà àwọn ènìyàn ń dúró dè ọ́ lẹ́nu géètì láti ṣépè fún ọ, obìnrin kan tiẹ̀ bi ọ́ bóyá abiyamọ ló bí ọ. Ọ̀gá yín tó rán ọ níṣẹ́ ti ń bẹ̀rù báyìí, ó fẹ́ kí o jí Dèjì dìde, kí o sọ pé àlá ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lá. O wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé mo ṣe àṣìṣe ni? Ṣé kí n jí i?" O sì ní tí o bá kọ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ọmọ mi, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ. Mo mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, kí wọ́n wá fi òkò dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n mi ò ní dá ọ lóhùn kíákíá. Ìwọ kò mọ ohun tí Dèjì rẹ yìí dá sílẹ̀ nínú ilé wa. Màá sọ fún ọ, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ nǹkan méjì tí ojú mi rí nígbà èwe. Àgbà tí kò bá tíì rojọ́ ara rẹ̀, kí ló fẹ́ fi gba ọmọ nímọ̀ràn?

Èkíní. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn òṣèré kan wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé wa. Ọkùnrin kan kú nínú eré náà, ó kú dáadáa, ó tiẹ̀ ta ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n rán mi ní àkàrà, mo sì bá òkú náà lójú ọ̀nà tó ń fi ata sí àkàrà tirẹ̀. Mo ju abọ́ sílẹ̀, mo sì sá délé. Wọ́n nà mí nítorí abọ́. Mo mọ̀ pé eré ni o, mo ti sanwó kí n tó wọlé wò ó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò mọ̀. Nítorí náà má bínú sí àwọn tó ń ṣépè lẹ́nu géètì. Orí wọn mọ̀ pé eré ni, ara wọn ni kò tíì gbà. Bí o bá kọjá, kí wọn, kí o sì kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà inú wọn. Ẹni tó ń bú ọ nítorí Dèjì fẹ́ràn Dèjì ju bí ọ̀gá rẹ ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Èkejì kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ fọ́tò níbí ni, orí mi sì wú. Wọ́n pè mí síbi ìsìnkú apẹja kan létí òkun. Mo ya ìyàwó rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí wọ́n gbé pósí kọjá: ẹnu rẹ̀ là, gèlè ti já bọ́ lórí rẹ̀. Nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà láyé mi, kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́, mo gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ènìyàn sì ń yìn mí. Lọ́jọ́ kan obìnrin náà mú ọmọ rẹ̀ wá ya fọ́tò ilé ìwé. Ó dúró níwájú ara rẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè, ó tún gèlè orí rẹ̀ wé, ó fà á le, bí ẹni pé ẹni inú fọ́tò ló ń bá wé e. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ kó tó jáde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kí nǹkan jẹ́ òótọ́ nìkan kò tó. Ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ pé, ta ni yóò dúró níwájú òótọ́ yìí, kí ni mo sì fi sílẹ̀ fún un láti dì mú?

Ó dára. Jẹ́ ká dé orí Dèjì.

Ṣé o rántí Dàvi Afí, tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga, tó wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí a bí ọ? Báwo lo ṣe máa gbàgbé. Kọ́jó ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó máa ń pè ọ́ ní Dàvi Fúnmi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti di géńdé. Inú pálọ̀ wa ló ti gbọ́ Yorùbá, ó sì fẹ́ràn eré yín ju gbogbo wa lọ. Ìrìn Dèjì ló ń rìn, ó ń fa ṣòkòtò sókè bíi tirẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pè é ní Monsieur Dèjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìlú yìí le, tí ọmọkùnrin kò lè fọkàn balẹ̀ sùn nílé mọ́, ó ní òun ń kọjá sí Ghana lọ́dọ̀ àbúrò ìyá òun, pé òun yóò ránṣẹ́. Kò ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ń lọ sẹ́nu ibodè lójoojúmọ́, ó ń bi àwọn tó ń wọlé léèrè. Yóò padà dé, yóò sì jókòó sẹ́bàá kànga.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, iná wà, a bá gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ sínú ẹ̀rọ fídíò. Gbogbo ilé kún pálọ̀. A ti gbìmọ̀ pé nígbà tí orúkọ rẹ bá jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, a ó pàtẹ́wọ́. Dèjì mú owó lórí tábìlì, ó ní kí ìyá rẹ̀ gbé omi tíì kaná, òun ń bọ̀. A gbọ́ bíréèkì. Ẹ fi búrẹ́dì hàn wá lójú títì, ó ti bọ́ jáde nínú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà orin, lẹ́yìn náà orúkọ, orúkọ rẹ wà níbẹ̀ gbàgàdà. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ figbe ta. Àwọn obìnrin tó kù gbè é. Èmi ń wá ìgò ojú mi kiri, ojú mi ló sì wà.

Ibi tí a ti ń sunkún yìí ni Dàvi Afí ti ẹnu ibodè dé. Ó gbọ́ ẹkún láti òde. Ó sáré wọlé pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́.

Fúnmi, wo ohun tí a ṣe. Gbogbo wa dákẹ́ wẹ́lo. Èmi ọlọ́gbọ́n na ọwọ́, mo pa tẹlifíṣọ̀n, nítorí kò yẹ kí obìnrin tó ń wá ọmọ rẹ̀ wọlé bá wa nídìí eré. Ẹnì kan dìde fún un ní àga. Ìyá rẹ nu ojú, ó lọ dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ní, "Afí, jókòó."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Jókòó ná."

Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣubú lulẹ̀, ó ń ké "Vinye! Kọ́jó vinye!" Ọmọ mi, ọmọ mi, ohun tó ń sọ nìyẹn. Ìgbà náà ni ó tó yé mi. Bí a ṣe ń túfọ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe. Ẹkún láti òde, ìdákẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ṣe wọlé, àga, ọwọ́ dídìmú, "kò sí nǹkan kan." Kò kù síbì kan.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. A ní kì í ṣe Kọ́jó, Dèjì ni, Dèjì inú fídíò. Ó gbé orí sókè, ó wò mí.

"Ẹ̀yin Ànàgó, mo mọ̀ yín! Nígbà tí ọkọ ìyá tí ń ránṣọ nílé yìí kú, ẹ sọ fún un pé ibà ló ń ṣe ọkọ rẹ̀. Ẹ sè ìrẹsì fún un, ẹ jẹ́ kó jẹun tán. Èmi náà wà níbẹ̀, èmi ni mo bu omi! Papa Fọ́tò, la vérité. La vérité!"

Òótọ́ náà ni mo ń sọ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. A ti ń fi irọ́ pẹ̀lẹ́ tu ara wa nínú tó bẹ́ẹ̀, títí òótọ́ gan-an fi jọ irọ́ pẹ̀lẹ́. Mo búra, kò gbà. Ìyá rẹ gbé Bíbélì, ìyẹn ló tún wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí Bíbélì la máa ń gbé wá síbi ọ̀fọ̀.

Ohun tó kù ni kí n tan tẹlifíṣọ̀n padà. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, ẹ̀rọ ń kùn, mo ń bẹ Ọlọ́run kí iná má lọ. Dàvi Afí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wo Dèjì tó mú owó. Ó gbọ́ bíréèkì. Ó rí búrẹ́dì. Ó mí kanlẹ̀, a sì rò pé yóò rẹ́rìn-ín, tàbí kó bú wa. Kò ṣe ọ̀kankan.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?" ó bèèrè.

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá Dèjì. Ta ló lọ sọ fún un?"

Mo ní wọn ò fi hàn. Ó ní, "Wọn ò fi hàn? Ó gbé omi tíì kaná, ó ń retí búrẹ́dì, kò sì sí ẹni tó lọ?" Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ sí yàrá rẹ̀. Àwa tó kù kò rí oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ náà. Ìdí tí ìyá rẹ fi ń bá ọ jà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi àti òun ni ó yẹ ká bá ara wa jà.

Ìdáhùn mi nìyí, Àjọkẹ́. Má jí i. Ikú ò dọ́jọ́, àrùn ò dóṣù, o kò parọ́ mọ́ ikú. Àwọn kan ń wo eré yín tó jẹ́ pé ẹni tiwọn jáde láàárọ̀ tí kò padà wá, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún wọn pé àlá ni. Bí o bá jí Dèjì, àwọn ni o fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan kù níbẹ̀, Dàvi Afí ló sì rí i, èmi kò rí i. O rò pé ikú òjijì ni òpin ọ̀rọ̀. Ẹni tó kú ni ọ̀rọ̀ parí fún. Ní ti àwọn tó kù, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ta ni yóò lọ sọ fún ìyá? Ta ni yóò bá a gbé omi tíì kúrò lórí iná? Wọ́n á ní kí ni nígbà tí wọ́n bá wọlé? Ẹ fi orin bo ibẹ̀, ẹ sì kọ orúkọ lé e. Àwọn tó wà lẹ́nu géètì yín kò bínú pé Dèjì kú. Wọ́n ń bínú pé ẹ kò jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí wọ́n ti máa kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ara wa kò gba irú ẹ̀ láé. Òkú wo ló kú rí láàárín wa tí a kò lọ jókòó ti ìyá rẹ̀?

Nítorí náà lọ bá ọ̀gá yín, kí o fi ohùn tútù bá a sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò. Sọ fún un pé o kò ní jí Dèjì, pé kó fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí o kọ bí wọ́n ṣe lọ bá ìyá náà. Má jẹ́ kó gùn jù. Má sì jẹ́ kí wọ́n sunkún púpọ̀, a ti sun tiwa. Bó bá gbà, ó dára. Bó bá kọ̀, tí iṣẹ́ bọ́, wá sílé. Kámẹ́rà mi wà, orúkọ mi wà lára ògiri, ojú kì í sì tì mí pé ọmọ mi padà wá bá mi.

Mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Pè é ní ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin. Ọmọkùnrin tó ṣe Dèjì nínú eré, ṣé ìyá rẹ̀ wà láyé? Bó bá wà, ra nǹkan dání kí o lọ kí i. Ìyá wo ló fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ lójú títì, kódà bó jẹ́ pé ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ iṣu? Kò sí ẹni tó máa rán ọ létí èyí níbi iṣẹ́ yín. Bàbá rẹ ló ń rán ọ létí.

Sì máa jẹun láàárọ̀.

Mo gbé kálámù sílẹ̀ níbí lánàá, mo rò pé ó tán. Ẹni tó máa mú lẹ́tà náà kò tíì lọ, Ọlọ́run sì ṣeun tí kò tíì lọ.

Kọ́jó dé láàárọ̀ yìí. Ó gbẹ, irun ti bo etí rẹ̀, bàtà ẹlòmíràn ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Kọ́jó ni. Ó ní òun rán ènìyàn sí wa láìmọye ìgbà, kò sí èyí tó dé. Mi ò lè kọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ké, mi ò sì gbé kámẹ́rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ń yún mi. Gbogbo ilé rọ́ jáde. Dàvi Afí fà á jókòó sẹ́bàá kànga, ó gbé àkúmẹ àti ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀, a sì dúró yí i ká, a ń wo bó ṣe ń jẹun bí ẹni ń wo fídíò.

Nígbà tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín.

"Papa Fọ́tò, Dèjì ńkọ́? Ṣé ó ti ṣe ìdána?"

Gbogbo wa dákẹ́ wẹ́lo. Ìyá rẹ ń wo ìsàlẹ̀ kànga. Mo wá wo Dàvi Afí, ẹni tó ké "la vérité" sí mi lójú lọ́jọ́ Ìsinmi, tó pe gbogbo àwa Yorùbá ní onírọ́. Ó bu omi sínú ife, ó gbé e sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa á lórí.

"Ara Dèjì ò yá díẹ̀," ó ní. "Jẹun ná."

"Ibà ni?"

"Ibà ni."

Kọ́jó mi orí, ó káàánú rẹ̀, ó ní "Yáà, pauvre Dèjì," ó sì bọwọ́ padà sínú oúnjẹ. Láti àárọ̀ ló ti ń bèèrè kásẹ́ẹ̀tì. A ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ìyá rẹ ti gbé kásẹ́ẹ̀tì náà pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó sì ní kí n kọ ọ́ pé òun kò bá ọ jà mọ́, pé ìjà ti di ti ìwọ àti Kọ́jó.

Nítorí náà, ọmọ mi, nígbà tí ọ̀nà bá là, wá kí wa. Ìwọ lo pa Dèjì. Ìwọ náà ni wàá sọ fún Kọ́jó. Kó o jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun tán o.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.